Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lára ọ̀dọ́ tí kò mu sìgá rí: Ipa wo ni jíìnì ń kó?

Bí wọ́n bá sọ pé ẹnì kan ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé: "Ṣé ó máa ń mu sìgá ni?" Ìbéèrè náà ní ìdí, nítorí sìgá ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú àrùn yìí lágbàáyé, àwọn àgbàlagbà ló sì wọ́pọ̀ lára wọn jù. Síbẹ̀, àwọn tí kò tíì pé 40 ọdún wà lára àwọn tó ń ní in. Wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ni kò fi sìgá kan ẹnu rí.

Jẹjẹrẹ tiwọn sábà máa ń yàtọ̀. Lára ẹni tó ti ń mu sìgá fún ọ̀pọ̀ ọdún, èéfín ti ba DNA inú sẹ́ẹ̀lì jẹ́ ní àìmọye ibi. Lára ọ̀dọ́, ìyípadà kan ṣoṣo tó lágbára nínú jíìnì kan ló sábà máa ń wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ fojú inú wo bọ́tìnnì iná tó há: ẹ tẹ̀ ẹ́ títí, iná kò kú. Bẹ́ẹ̀ ni jíìnì náà ṣe ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó máa pín sí méjì láìdáwọ́ dúró.

Jíìnì tó yẹ kó máa sùn

Gbajúmọ̀ nínú wọn ni ALK. Ìgbà tí ọmọ bá wà nínú oyún ni jíìnì yìí máa ń ṣiṣẹ́ jù. Nínú ẹ̀dọ̀fóró àgbà, ó yẹ kó dákẹ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, krómósóòmù tí wọ́n fún ní nọ́ńbà 2 á ṣẹ́, apá kan rẹ̀ á dorí kodò, á sì tún so pọ̀. ALK á wá lẹ̀ mọ́ jíìnì mìíràn tó ń jẹ́ EML4. Ìsopọ̀ yìí ló ń jí i.

Ọdún 2007 ni Hiroyuki Mano àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan kéde rẹ̀. Ó yani lẹ́nu díẹ̀ pé lára ọkùnrin ẹni ọdún 62 kan tó ń mu sìgá ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Ẹ̀yìn náà ló hàn pé ara àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn tí kò mu sìgá ló wọ́pọ̀ sí. Nígbà tó fi máa di 2011, Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí crizotinib, oògùn tó ń dí ALK lọ́wọ́. Èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀, lorlatinib, tún tayọ: nínú ìwádìí tí èsì ọdún márùn-ún rẹ̀ jáde ní 2024, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lò ó ni àrùn wọn kò tíì tẹ̀síwájú, ìdá 8 péré ni ti crizotinib. Oògùn wà fún ìyípadà inú EGFR, ROS1 àti HER2 pẹ̀lú.

Ṣé àrùn ìdílé ni?

Rárá, fún èyí tó pọ̀ jù lọ. Inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀fóró nìkan ni ìyípadà náà ti ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìbí. Aláìsàn kò jogún rẹ̀ lọ́wọ́ òbí, kò sì ní í gbé e fún ọmọ. Àwọn ìdílé tí wọ́n ti ń jogún àléébù EGFR wà, ṣùgbọ́n wọ́n ṣọ̀wọ́n gidi.

Ní 2016, àwọn olùwádìí Dana-Farber ní Boston gbé èsì jáde lórí aláìsàn tó lé ní 2,200. Ìyípadà tí oògùn wà fún wọ́pọ̀ sí i lára àwọn tó kéré lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ ẹ̀mí àwọn tí kò tó 40 ọdún kò gùn tó ti àwọn ẹni 40 sí 69.

Ìgbà tí àrùn bá ti tàn kálẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń rí i lára ọ̀dọ́, nítorí ẹnikẹ́ni kì í fura. Ní Nàìjíríà, tí ikọ́ ife ti pọ̀ púpọ̀, ikọ́ tí kò lọ, rírù àti ẹ̀jẹ̀ inú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ máa ń mú ọkàn lọ sí ikọ́ ife. Kò burú láti ṣàyẹ̀wò rẹ̀. Ohun tó burú ni kí àyẹ̀wò má rí kòkòrò rẹ̀, kí oògùn rẹ̀ má sì ṣiṣẹ́, kí oṣù ṣì máa gorí oṣù láìsí ẹni tó wá ohun mìíràn wò.

Ẹran díẹ̀ tí wọ́n bá gé lára kókó náà ni wọ́n fi ń mọ jíìnì tó yí padà. Nígbà mìíràn ẹ̀jẹ̀ pàápàá tó. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò lè ṣe é fúnra wọn, owó rẹ̀ àti ti oògùn sì ga. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá wà rárá, ó dára kí èsì dé kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Oògùn tó ń ru agbára ìdáàbòbò ara sókè kì í sábà ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ní ìyípadà ALK tàbí EGFR, bí wọ́n bá sì gbé osimertinib, tó jẹ́ oògùn EGFR, tẹ̀ lé e láìpẹ́, ẹ̀dọ̀fóró aláìsàn lè wú lọ́nà tó léwu.