Ìkarahun Òkun ní Ilẹ̀ Ọ̀dàn: Owó Ẹyọ ní Òkè-Ògùn àti ní Erékùṣù Mẹlanéṣíà



Ìkòkò kan wà ní ilé wa ní Òtu. Abẹ́ ibùsùn ìyá bàbá mi ni ó máa ń wà nígbà tí mo wà ní kékeré, owó ẹyọ ni ó sì wà nínú rẹ̀. Kò sí ọmọdé tí ó gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan níbẹ̀ fi ta ayò. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, oníṣòwò kan tí ó ń ra ẹyọ fún àwọn tí ń fi í ṣe ọ̀ṣọ́ sí ara aṣọ àti irun dé Òtu, ó sì fẹ́ ra gbogbo rẹ̀. Ẹbí pín sí méjì. Àwọn kan ní kí a tà á, wọ́n ní owó tí kò lè ra iyọ̀ mọ́, ẹrù lásán ni. Àwọn mìíràn ní owó òkú ni, a kì í tà á. Èmi tí wọ́n ń pè ní òpìtàn ni wọ́n wá bi léèrè, n kò sì rí èsì gidi kan fún wọn ní ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín lónìí ni èsì náà, bí ó tilẹ̀ pẹ́ kí ó tó dé.

Ibi tí ẹyọ ti wá ni kí a kọ́kọ́ wò. Òtu jìnnà sí òkun tó nǹkan bí 200 kìlómítà. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni tiwa; iṣu, àgbàdo, ọkà bàbà àti ẹ̀gẹ́ ni a ń gbìn, igi igbá àti igi òrí ni ó yí wa ká. Síbẹ̀, ìkarahun ẹ̀dá inú òkun ni àwọn baba wa fi ń ná ọjà. Èyí tí ó yani lẹ́nu jù ni pé ẹ̀dá náà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Monetaria moneta, kì í gbé inú òkun tí ó wà ní etí Èkó rárá. Erékùṣù Maldives nínú Òkun Íńdíà ni wọ́n ti ń kó o. Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ará Mòrókò nì, gbé ibẹ̀ ní 1343 sí 1344, ó sì rí i bí wọ́n ti ń kó ẹyọ náà láti inú òkun fún òwò. Nígbà tí ó fi dé ilẹ̀ Mali ní 1352, ẹyọ kan náà ni ó bá lọ́wọ́ àwọn ará ọjà níbẹ̀. Èyí fi hàn pé ó ti gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá kí ọkọ̀ òyìnbó tó gbé e gba ojú òkun.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni àwọn Potogí ti ń kó o wá sí Bìní. Àwọn ará Họ́láńdì àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀lé wọn. Wọ́n á kó o láti Íńdíà lọ sí Amsterdam àti London, wọ́n á tà á níbẹ̀ fún àwọn ọlọ́kọ̀ tí ń bọ̀ ní etíkun wa. Nínú ọ̀rúndún kejìdínlógún nìkan, èyí tí àwọn méjèèjì kó wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ju 10 bílíọ̀nù lọ. Kí ni wọ́n fi rà? Ènìyàn ni. Àwọn nǹkan mìíràn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ènìyàn ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjà náà. Kí a má ṣe gbàgbé pé ọ̀nà òwò Ọ̀yọ́-Ilé sí etíkun kò jìnnà sí wa. Nígbà tí Hugh Clapperton ń lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826, Ṣakí ni ó gbà kọjá.

Ẹyọ yìí wọ inú èdè wa débi pé a kò rí i mọ́. Adolphus Mann, ajíhìnrere ará Jámánì tí ó gbé Ìjàyè, kọ̀wé nípa ònkà wa ní 1887. Ó ṣàlàyé pé àwọn tí ń ka owó a máa jókòó ti òkìtì ẹyọ, wọn a máa fà á ní márùn-ún márùn-ún. Ọ̀nà mẹ́rin márùn-ún ni ogún, ogún márùn-ún ni ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì ni igba. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sí ojú okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, èyí tí ó jẹ́ 20,000, ẹrù tí alágbára kan lè gbé ni. Ọ̀kẹ́ tí à ń wí yìí, àpò náà ni. N kò bá àwọn tí ó ní ẹyọ ni ó bí ònkà wa lọ pátápátá, nítorí àwọn ènìyàn ti ní láti máa ka ebè iṣu kí ẹyọ tó dé; ṣùgbọ́n kò sí iyàn pé ẹyọ ni ó gbé ònkà náà dé ibi gíga tí ó dé. Nígbà tí owó àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé, orúkọ ẹyọ ni a fi pè é: a pe sísì ní ẹgbàá, a pe sílè márùn-ún ní ọ̀kẹ́.

Ẹyọ sì ju owó lọ. A fi ń pa àrokò: ẹyọ méjì tí ó kọjú sí ara wọn jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́, méjì tí ó kẹ̀yìn sí ara wọn jẹ́ ọ̀rọ̀ ìjà, mẹ́fà wí pé ọkàn mi fà sí ọ, mẹ́jọ wí pé a jọ rí bákan náà. A fi kọ́ ilé orí. A fi ń dá ẹ̀rìndínlógún, èyí tí àwọn ọmọ wa kó dé Brazil àti Cuba, tí wọ́n sì ń dá a níbẹ̀ títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a wá yà sí òdìkejì ayé díẹ̀. Àwọn erékùṣù kan wà nínú Òkun Pàsífíìkì, láti New Guinea dé Solomon, Vanuatu, New Caledonia àti Fiji. Dumont d'Urville, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ará Faransé, ni ó pè wọ́n ní Mẹlanéṣíà ní 1832, èyí tí ó túmọ̀ sí erékùṣù dúdú, nítorí àwọ̀ àwọn ènìyàn ibẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n sọ ara wọn bẹ́ẹ̀. (A kò lè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ẹnu Haúsá ni a ti gba orúkọ Yorùbá tí gbogbo wa ń jẹ́.) Àwọn náà ń ná owó ìkarahun. Mo fẹ́ mú ẹ̀yà kan nínú wọn, àwọn Tolai, tí ń gbé ní àyíká Rabaul ní erékùṣù New Britain.

Tabu ni wọ́n ń pe owó tiwọn. Ìkarahun kékeré kan ni, ó kéré sí ẹyọ. Ní ayé àtijọ́, wọ́n a wa ọkọ̀ lọ sí etíkun Nakanai tí ó jìnnà sí wọn, wọ́n a kó o, wọ́n a lu ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n a sì fi pákánṣọ igi tẹ́ẹ́rẹ́ sín in. Bí a ti ń wọn aṣọ ni wọ́n ń wọn ọ́n: wọ́n a na apá méjèèjì, ohun tí ó bá wà láàárín ìka ọwọ́ ọ̀tún àti ti òsì ni ìwọ̀n kan. Wọ́n fi ń ra iṣu ní ọjà, wọ́n fi ń san owó ìyàwó, wọ́n fi ń san owó ìtanràn. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù ni wọ́n ń ká jọ bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ńlá, tí wọ́n ń fi ewé dì, tí wọ́n sì ń gbé pamọ́ de ọjọ́ ikú. Bí olówó bá kú, wọ́n a gé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà, wọ́n a pín in fún gbogbo àwọn tí ó wá ṣọ̀fọ̀. Ẹni tí ó kú láìní tabu tí a ó pín, aláìnílárí ènìyàn ni. Àwọn Jámánì gba ilẹ̀ wọn ní 1884, wọ́n sì fẹ́ fòpin sí fífi tabu bá òyìnbó ṣòwò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Àwọn Jámánì ti lọ, àwọn ará Australia náà ti lọ, tabu kò lọ. Wọ́n ń ná an títí di òní, ní ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú owó ìjọba.

Orúkọ owó ìjọba náà yẹ fún àkíyèsí. Nígbà tí Papua New Guinea ń múra òmìnira ní 1975, wọ́n pe owó wọn ní kina, wọ́n sì pe ìdá ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ní toea; orúkọ ìkarahun ni méjèèjì. Ṣáájú wọn, ní 1965, Ghana ti pe tirẹ̀ ní cedi, láti inú ọ̀rọ̀ tí àwọn Akan ń pe ẹyọ. Àwa tí a fi ẹyọ ka gbogbo ohun tí a ní fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan, a yan náírà ní 1973.

Kí ló dé tí tiwọn yè tí tiwa sì kú? Ìdí kan tóbi ju gbogbo ìyókù lọ lójú mi. Iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn ni àwọn Tolai fi ń rí tabu. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ, òun fúnra rẹ̀ tàbí ará ilé rẹ̀ ni yóò wa ọkọ̀ lọ. Owó tiwa, ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn ni orísun rẹ̀ wà. Ní àárín àwọn ọdún 1840, ilé òwò Hertz ti ìlú Hamburg bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹyọ mìíràn tí ó tóbi jù, tí kò sì wọ́n, láti Zanzibar wá sí etíkun wa, àwọn mìíràn sì tẹ̀lé e. Owó epo pupa ni wọ́n fi ń san. Láàárín àádọ́ta ọdún, ẹyọ kún ilẹ̀ bí yanrìn, agbára rẹ̀ sì ń fò lọ lójoojúmọ́. Ẹni tí ó ti fi ogún ọdún kó ọ̀kẹ́ jọ ń wò ó bí ó ti ń di ìdajì, tí ìdajì ń di ìdá mẹ́rin. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de kíkó ẹyọ wọlé ní nǹkan bí 1904, òkú ni wọ́n dá ẹjọ́ rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé mo ń sọ pé ayé dẹ àwọn ará erékùṣù lọ́rùn. Láàárín 1863 àti 1904, ó ju 60,000 nínú wọn, àwọn ará Vanuatu àti Solomon jù lọ, tí a kó lọ sí oko ìrèké ní Queensland, àwọn kan pẹ̀lú àdéhùn, àwọn kan pẹ̀lú ẹ̀tàn, àwọn kan pẹ̀lú ipá.

Mo padà sí ìkòkò wa. Ohun tí ìyá bàbá mi sọ fún mi nìyí, n kò sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀ títí mo fi dàgbà. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, wọ́n yá ọ̀kẹ́ méjì láti fi sìnkú, wọ́n sì fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ ẹni tí ó yá wọn lówó. Iṣẹ́ rẹ̀ nínú oko ni èlé; owó gan-an wà níbẹ̀ láìdín. Ìyá wọn ń se òrí, ó ń se irú, ó ń kó ẹyọ jọ sínú ìkòkò. Ní ọjọ́ tí ọ̀kẹ́ méjì pé, wọ́n rù ú lọ. Olówó ní òun kò gba ẹyọ mọ́, sílè ni òun ń gbà. Wọ́n gbé e dé ọjà, iye sílè tí wọ́n fẹ́ fi pààrọ̀ rẹ̀ kò tó ìdajì gbèsè náà. Ọmọkùnrin náà fi ọdún mẹ́rin sìn sí i. Nígbà tí ó bọ́, ó bá àwọn ará Ṣakí tí ń lọ sí Góòlù Kóòsì lọ, kò sì padà wá sí Òtu mọ́. Ìlú tí ó kú sí ni ó wá fi orúkọ ẹyọ pe owó rẹ̀.

Ìyá wọn ná díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ètùtù àti ọ̀ṣọ́, ó fún àwọn ọmọ ní díẹ̀. Ìyókù ni ó wà lábẹ́ ibùsùn. Nítorí náà, mo sọ fún ẹbí pé owó òkú kọ́ ni, owó òmìnira tí kò ra òmìnira ni, ìwé gbèsè sì ni pẹ̀lú, ìwé kan ṣoṣo tí ó kù tí ó fi hàn pé wọ́n san án. Àwọn tí ó fẹ́ tà á kò jiyàn mọ́. Èmi àti àwọn ọmọ àbúrò mi da ẹyọ náà sórí ẹní ní ọdún àjíǹde tí ó tẹ̀lé e, a ń fà á ní márùn-ún márùn-ún. Ó dín díẹ̀ ní ẹgbàá mẹ́ta. A dà á padà sínú ìkòkò, a sì fi ẹfun kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n náà sí i lára.