Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Ẹ̀fọ́rí: Ìtàn Ìtọ́jú Gbòǹgbò Eyín

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìwé ní Federal Government College, Ìdóàní, ẹ ó rántí bí eyín dídùn ṣe máa ń rí lóru. Ilẹ̀ kì í tètè mọ́. Omi iyọ̀ la ó kọ́kọ́ fi yọ ẹnu, lẹ́yìn náà kánáfùrù, bó bá wá le jù, a ó ní kí wọ́n yọ ọ́ dànù. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn ẹ̀fọ́rí. Ó pẹ́ kí ayé tó gbà pé ọ̀rọ̀ náà bá eyín wí.

Kòkòrò ni àwọn baba wa ní ó ń jẹ eyín. Kì í ṣe àwa nìkan la sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ará Bábílónì àtijọ́ náà gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1728, Pierre Fauchard, oníṣègùn eyín ará Faransé, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òun wá kòkòrò náà tì. Ní 1890, W. D. Miller, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní Berlin, ṣàlàyé pé àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹnu ló ń sọ ṣúgà di omi kíkan, omi kíkan yìí ló sì ń lu eyín. Àwọn baba wa kò jìnnà sí òótọ́ o. Kòkòrò náà ló kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ.

Ìrora ńkọ́? Nílẹ̀ wa, orín ata wà, tí ó ń ta ahọ́n, tí ó sì ń mú ẹnu kú tipiri. Ní Amẹ́ríkà, oníṣègùn eyín kan tó ń jẹ́ Horace Wells fa gáàsì kan símú ní December 1844, wọ́n yọ eyín rẹ̀, kò sì dùn ún. Nígbà tó fẹ́ fi han àwọn dókítà ní Boston lọ́dún tó tẹ̀ lé e, aláìsàn pariwo, wọ́n sì fi Wells ṣẹ̀sín. Ní October 16, 1846, William Morton, tí òun náà jẹ́ oníṣègùn eyín, lo ether níbẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́. Ẹ wò ó: ọwọ́ àwọn oníṣègùn eyín ni oorun tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ abẹ lónìí ti bẹ̀rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ tó ń pa ojú kan ṣoṣo kú ló kàn. William Halsted fi cocaine gún iṣan àgbọ̀n ní nǹkan bí 1884, ṣùgbọ́n cocaine sọ òun fúnra rẹ̀ di ẹrú. Alfred Einhorn ní Jámánì ṣe novocaine ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900. Ní 1943, Nils Löfgren ní Sweden ṣe lidocaine, èyí tí wọ́n ṣì ń lò dòní.

Ìtọ́jú gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ti pẹ́. Ní 1838, Edward Maynard fi irin tín-ín-rín inú aago ṣe ohun èlò tó fi ń kó mùdùnmúdùn tó ti bàjẹ́ kúrò nínú eyín. Ní 1867, G. A. Bowman bẹ̀rẹ̀ sí í fi gutta-percha, oje igi kan láti ìhà Malaysia, dí ihò náà. Ìlànà yẹn kò tíì yí padà: kó o jáde, fọ ibẹ̀ mọ́, dí i pa.

Àmọ́ ní 1910, William Hunter, dókítà ará Bìrìtìkó, sọ ní Montreal pé eyín tó ní àrùn lè kó bá gbogbo ara. Àwọn dókítà bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ eyín àwọn ènìyàn lọ́pọ̀ yanturu. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé àìsàn náà kò lọ, eyín ló lọ. Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì.

Nílẹ̀ wa, Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn oníṣègùn eyín ní 1966; Ìbàdàn àti Ifẹ̀ tẹ̀ lé e láàárín àwọn ọdún 1970. Lónìí, Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn ní Oǹdó náà ń kọ́ wọn, ará Ìdóàní sì lè lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀.

Ẹ̀rù ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró, ìgbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú ni wọ́n tó ń lọ. Ìyẹn gan-an ló ń mú kí ó dunni: níbi tí ọyún bá ti gbà, kíkan inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí abẹ́rẹ́ ràn dáadáa. Ẹ tètè lọ. Ẹ sọ oògùn tí ẹ ń lò àti ohun tí kò bá ara yín mu. Ẹ bá dókítà ṣàdéhùn pé bí ẹ bá na ọwọ́ sókè, kí ó dúró. Bó bá sì ní òun fẹ́ yọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé gbòǹgbò rẹ̀ ò ṣe é tọ́jú ni?"