Ọba Méjì Láàfin Kan

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọba kì í pé méjì láàfin. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1954, ní ìlú Los Angeles ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn olórin jáàsì méjì pa orúkọ pọ̀, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún sílẹ̀. Max Roach, onílù, ti di ẹni ọgbọ̀n ọdún, òkìkí rẹ̀ sì ti kàn. Ẹni ọdún 23 ni Clifford Brown tí ń fun fèrè trumpet. Roach ni ó ránṣẹ́ pè é. Síbẹ̀, orúkọ àwọn méjèèjì ni a fi ń pe ẹgbẹ́ náà.

Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé, báwo ni irú ìjọba bẹ́ẹ̀ ṣe lè dúró? Ìdáhùn wà nínú àwo wọn, Study in Brown, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní New York ní oṣù kejì ọdún 1955. Orin mẹ́sàn-án ni ó wà nínú rẹ̀. Brown ṣe mẹ́rin; Harold Land, afunsaxophone, ṣe ọ̀kan; Richie Powell, atẹdùùrù, náà ṣe ọ̀kan; mẹ́ta yòókù jẹ́ ti àwọn ẹlòmíràn. Roach kò ṣe ìkankan. Ẹni tí ó bá fi èyí díwọ̀n ipò yóò ní Brown nìkan ni ọba, pàápàá nígbà tí orúkọ rẹ̀ wà nínú àkọlé àwo náà.

Etí kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Nínú Cherokee, eré àsápajúdé ni wọ́n ń sá, Roach àti George Morrow tí ń ta okùn báàsì kò sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni yẹ̀. Bí ó bá kan Roach láti dá lù, kì í ṣe ariwo lásán ni ó ń pa: yóò gbé gbólóhùn kan kalẹ̀, yóò yí i padà, yóò sì tún dá a lóhùn. Ìlù rẹ̀ kì í ṣe dùndún, kò sì sọ èdè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ìyáàlù láàárín omele mọ̀ pé ìlù lè darí orin tí onílù kò dá sílẹ̀. Ààyè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọba méjèèjì jókòó sí.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1956, ìjàǹbá ọkọ̀ gba ẹ̀mí Brown, Powell àti aya Powell ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Brown kò ju ẹni ọdún 25 lọ. Roach kó ẹgbẹ́ náà jọ padà, ó sì mú Kenny Dorham wá láti fun fèrè. Àwo tí wọ́n ṣe ní ọdún náà ń jẹ́ Max Roach + 4. Ó rí ẹni tí yóò fun fèrè. Kò fi ẹnikẹ́ni sípò ọba kejì.