Ìtàn Àwọn Ilé Oúnjẹ Etí Òkun Àkrà

Ní ọdún 2023 ni James Fort, odi agbára tí àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì kọ́ sí etí òkun Àkrà ní 1673, pé 350 ọdún. Ọdún mẹ́ta péré ṣáájú ìgbà náà, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, wọ́n fi katakata wó àwọn àgọ́, ààrò ẹja àti ìsọ̀ olóúnjẹ tó wà ní ìsàlẹ̀ odi yìí, nítorí èbúté ìpẹja tuntun tí wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Òkúta tí àwọn àjèjì tò jọ ṣì dúró, àwọn arìnrìn-àjò sì ń ya àwòrán rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ará ìlú ti ń jẹun kò sí mọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà tó lè sọ bí wọ́n ṣe ń dáná níbẹ̀ ń dín kù lọ́dọọdún. Ìdí nìyí tó fi tọ́ kí a kọ ìtàn àwọn ilé oúnjẹ etí òkun Àkrà sílẹ̀ nísinsìnyí, láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ìlú títí dé orí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì tó ti parẹ́, láìgbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

Oríṣi ilé oúnjẹ méjì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Èkíní ni ti hòtẹ́ẹ̀lì, níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì jẹun, tí kúùkù ọkùnrin sì ń gba àṣẹ lẹ́nu ọ̀gá. Èkejì ni èyí tí àwọn ará Ghánà ń pè ní chop bar, ìyẹn bùkátéríà, pẹ̀lú agbo ilé àwọn obìnrin tó ń se kọmi. Kọmi ni orúkọ tí àwọn Ga, ọmọ onílẹ̀ Àkrà, ń pe oúnjẹ àgbàdo tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí kenkey. Ó bá ẹ̀kọ tan, ṣùgbọ́n ó ki jù ú lọ, ó kan jù ú lọ, ó sì ń gbé inú dúró jù ú lọ. Ilé oríṣi kìíní ló lẹ́wà jù, òun náà ni àwọn ènìyàn ń dárò jù, ṣùgbọ́n oríṣi kejì ló ni ọbẹ̀.

Kì í ṣe etí òkun ni àwọn Ga ti kọ́kọ́ jọba. Ayawaso, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Àkrà Ńlá, ni olú ìlú wọn, àárín ilẹ̀ ló sì wà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ka Ayi Kushi mọ́ àwọn aṣáájú àkọ́kọ́, ó ka Mampong Okai lẹ́yìn rẹ̀, ó ka Dode Akaibi, obìnrin tó gba àkóso lẹ́yìn ọkọ rẹ̀ tí ìròyìn ìrorò rẹ̀ kò sì tíì kúrò lẹ́nu ará ìlú títí dòní, kí ó tó dé orí Okaikoi ọmọ rẹ̀. Lábẹ́ àwọn mantse wọ̀nyí, ìyẹn àwọn ọba Ga, ibùdó apẹja àti ibi tí wọ́n ti ń bá àwọn Òyìnbó ṣòwò ni etí òkun jẹ́. Òkè ni ààfin wà, ibẹ̀ náà sì ni ọrọ̀ ń gbà lọ.

Ogun tó yí èyí padà ni ogun Akwamu ti 1677, èyí tí ìjọba Akwamu, aládùúgbò wọn, bá wọn jà. Àwọn kan máa ń gbé ogun Katamanso ti 1826 ga jù ú lọ, nítorí pé níbẹ̀ ni àwọn Ga àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti lé ọmọ ogun Asante sẹ́yìn, ṣùgbọ́n Katamanso dáàbò bo ìlú tó ti wà ni. Ogun Akwamu ló sọ ìlú náà di ti etí òkun. Wọ́n ní ọmọọba Akwamu kan wà ní ààfin Ga, wọ́n sì dá a lákọ́ níbẹ̀. Nígbà tó sì jẹ́ pé ẹni tí wọ́n bá dá lákọ́ kò lè gorí ìtẹ́ Akwamu, ọba Ansa Sasraku ka ọ̀rọ̀ náà sí ìwọ̀sí, ó sì kógun wá bá Ayawaso. Wọ́n tú ìlú náà ká, Okaikoi kú sínú ogun yìí, ìtàn sì fi kún un pé kí ó tó kú ó gégùn-ún fún àwọn ènìyàn rẹ̀ tó dalẹ̀ rẹ̀, pé wọn kò ní fohùn ṣọ̀kan láéláé. Ẹni tó bá mọ iye ìgbà tí ìjà ti ṣẹlẹ̀ lórí ìtẹ́ Ga láti ìgbà náà kò ní fi ègún yẹn ṣẹ̀sín. Ofori tó rọ́pò rẹ̀ pàápàá kò rójú, ó di èrò agbègbè Aného ní Tógò òde òní. Àwọn tó ṣẹ́ kù kó jọ sí ẹ̀bá òkun, lábẹ́ ìbọn odi mẹ́ta: ti àwọn ará Họ́láǹdì tó ti wà láti 1649, ti àwọn ará Denmark ní Osu láti 1661, àti ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Báyìí ni àgbàdo, tí àwọn Potogí ti mú wá láti Amẹ́ríkà ṣáájú ìgbà náà, ṣe bá ẹja òkun pàdé nínú àwo kan náà lójoojúmọ́.

Ní James Town, tó yí odi Gẹ̀ẹ́sì ká, àdúgbò mẹ́ta ló wà: Sempe, Akumajay àti Alata. Orúkọ ìkẹyìn yìí kan Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé Alata ni àwọn ará Ghánà ń pe àwọn tó ti ìhà ìlà-oòrùn wá, láti Allada ní ilẹ̀ Benin òde òní títí dé Èkó àti ilẹ̀ Yorùbá. Ọṣẹ dúdú pàápàá, alata samina ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ọṣẹ àwọn Alata. Ìtàn àdúgbò náà ni pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kó àwọn baba ńlá wọn wá gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ nígbà tí wọ́n ń kọ́ odi, àti pé Wetse Kojo, aṣáájú wọn, di mantse James Town ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ìtẹ́ náà wà títí tó fi kan Kofi Oku, ó kan Kojo Ababio Kẹrin tó gorí rẹ̀ ní 1892, ó sì kan Kojo Ababio Karùn-ún. Àwọn Sempe kò gbà bẹ́ẹ̀: wọ́n ní àwọn ló kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ náà dó, ọ̀rọ̀ ipò àti ti ilẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì sì ti di ẹjọ́. Òpìtàn kò gbọdọ̀ ṣègbè, a sì lè gbà pé Sempe ló ṣáájú lórí ilẹ̀. Síbẹ̀, ní ti ìdáná, ó ṣòro láti gba ipò iwájú lọ́wọ́ Alata, nítorí pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún odi ló sún mọ́ ìkòkò odi jù, ọ̀nà tí àwọn Alata sì gbà wá ni ọ̀nà ilẹ̀ ẹ̀kọ àti àkàrà. Ní 1836, àwọn Tabom tún dé láti Bràsíl, àwọn ẹrú tó ti gba òmìnira, tí ọmọ Yorùbá wà nínú wọn. Àwọn Otublohum, ní apá odi Họ́láǹdì, fún wọn nílẹ̀, wọ́n sì mú iṣẹ́ aṣọ rírán àti kànga gbígbẹ́ wá sí ìlú tí omi dídùn ti ṣọ̀wọ́n.

Bí wọ́n ṣe ń se kọmi kò yí padà púpọ̀. Wọ́n á rẹ àgbàdo fún nǹkan bí ọjọ́ méjì, wọ́n á lọ̀ ọ́ láìsẹ́ ẹ, wọ́n á fi omi pò ó, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ó kan. Wọ́n á pín in sí méjì. Apá kan ni wọ́n á rò lórí iná pẹ̀lú iyọ̀ títí yóò fi jinná díẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní aflata, wọ́n á sì po tútù tó kù mọ́ ọn. Aflata yìí ló ń jẹ́ kí ó mú ara pọ̀ láìle. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bu ú ní ìwọ̀n ẹ̀kúnwọ́, wọ́n á fi háríhá àgbàdo dì í, wọ́n á sì sè é fún wákàtí mélòó kan. Àwọn Fante, tó ń gbé ìhà ìwọ̀-oòrùn, ní irú tiwọn, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ń dì í, wọn kì í sì í fi iyọ̀ sí i. Àwọn ará Cape Coast sì máa ń sọ pé tiwọn ló dára jù. Kí a má parọ́, kọmi Fante máa ń pẹ́ kí ó tó bàjẹ́, ó sì wúlò fún ẹni tó ń rìnrìn-àjò. Ṣùgbọ́n ẹja díndín ń fẹ́ iyọ̀ àti kíkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti Ga nìkan ló sì ní méjèèjì.

Ohun tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ náà ní òfin tirẹ̀. Ata tútù, àlùbọ́sà àti tòmátì ni wọ́n ń lọ̀ nínú àwo amọ̀ tí inú rẹ̀ ní ìlà, tí wọ́n ń pè ní asanka, wọn kì í sì í sè é. Shito dúdú ni ọbẹ̀ ata kejì: òróró, àlùbọ́sà, atalẹ̀, aáyù, ata gbígbẹ, edé àti ẹja gbígbẹ tí wọ́n ti lọ̀ kúnná, tí wọ́n ń dín lórí iná jẹ́jẹ́ títí gbogbo rẹ̀ yóò fi dúdú tí omi inú rẹ̀ yóò sì tán, débi pé ó lè wà nínú ìgò fún oṣù púpọ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé e lọ sí ilé ìwé. Ẹja ṣàwá, tó máa ń pọ̀ láti oṣù Keje sí Kẹsàn-án nígbà tí omi tútù bá ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun, ni wọ́n ń dín tàbí tí wọ́n ń yan. Àwọn apẹja kì í sì í wọ òkun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kọmi ke kenam, ìyẹn kọmi àti ẹja díndín, ni oúnjẹ ojoojúmọ́. Ti àjọ̀dún Homowo, tí Ga fi ń fi ebi ṣe yẹ̀yẹ́, ni kpokpoi, àgbàdo tí wọ́n fi ooru sè tí wọ́n sì po epo pupa mọ́, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹyìn ọ̀pẹ tó kún fún ẹja. Mantse fúnra rẹ̀ ló máa ń wọ́n ọn káàkiri ìlú fún àwọn baba ńlá kí ẹlòmíràn tó tọ́ ọ wò.

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé olú ìlú kúrò ní Cape Coast wá sí Àkrà ní 1877, lásìkò Tackie Tawiah Kìíní tó jọba láti 1862 títí di 1902, hòtẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ sí í rí àyè. Ọkọ̀ òkun kò lè sún mọ́ ilẹ̀. Agbami ló ń dúró sí, àwọn atukọ̀ sì ń fi ọkọ̀ àjẹ̀ kó ẹrù àti èrò la ìgbì kọjá wá sí James Town, débi pé gbogbo ẹni tó bá gúnlẹ̀ síbẹ̀, ebi ló ń bá a gúnlẹ̀. Àwọn alágbàṣe ń jẹ kọmi ní etí omi, àwọn tó lówó sì ń lọ sí Sea View Hotel. Oúnjẹ tí àwọn Òyìnbó fẹ́ràn jù lọ́jọ́ Àìkú ni ọbẹ̀ ẹ̀pà: ẹ̀pà yíyan tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n sè pẹ̀lú adìẹ, tòmátì àti ata títí òróró rẹ̀ yóò fi léfòó, tí wọ́n ń bù sórí ìrẹsì, tí àwo kéékèèké àgbọn, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ìbẹ́pẹ, àlùbọ́sà àti dòdò sì ń yí i ká. Kò sí ẹ̀tàn nínú ọ̀rọ̀ yìí: ọbẹ̀ obìnrin Ghánà ni, àgbọn àti èso nìkan ni hòtẹ́ẹ̀lì fi kún un. Nígbà òmìnira ní 1957, wọ́n kọ́ Ambassador Hotel, tí kò jìnnà sí òkun, fún àwọn àlejò ìjọba. Riviera Beach Hotel náà gbajúmọ̀ létí omi, pẹ̀lú odò ìwẹ̀ ńlá tí ó ti di àlàpà báyìí.

Ìparun wọn kò gba àlàyé gígùn. Ní 1962 ni wọ́n ṣí èbúté Tema, iṣẹ́ ọkọ̀ àjẹ̀ sì kúrò ní James Town pẹ̀lú èrò àti ẹrù rẹ̀. Èyí ló kọ́kọ́ pa ọjà hòtẹ́ẹ̀lì etí òkun. Ní oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti lọ, àwọn oníṣòwò Yorùbá sì ṣí lọ tìyá-tọmọ. Ní 1979 àwọn ṣọ́jà wó ọjà Makola ní àárín ìlú Àkrà. Lẹ́yìn tí Rawlings dìtẹ̀ gbàjọba ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1981, òfin kónílé-ó-gbélé ti ilẹ̀kùn ilé ijó àti ilé oúnjẹ alẹ́, ọ̀dá 1983 sì sọ eegun ọrùn tó yọ síta di ohun tí ará ìlú fi ń ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní ẹ̀gbà ọrùn Rawlings ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, hòtẹ́ẹ̀lì tuntun dìde ní La, létí òkun ní ìhà ìlà-oòrùn Àkrà. Òkun náà sì ń jẹ ilẹ̀ Àkrà ní ìwọ̀n tó ju mítà kan lọ lọ́dún.

Ó wá yẹ kí a béèrè ìdí tí ọbẹ̀ fi yè nígbà tí ilé wó. Ní Àkrà àtijọ́, ọkọ àti aya Ga kì í gbé agbo ilé kan náà. Ìyá, ọmọbìnrin àti ọmọ-ọmọ ló ń gbé pọ̀, wọ́n ń ra ẹja lọ́wọ́ apẹja, wọ́n ń yan án, wọ́n ń tà á, wọ́n sì ń gbé oúnjẹ alẹ́ ránṣẹ́ sí ọkọ. Ohun tí wọ́n ń kọ́ lọ́dọ̀ ìyá kò dúró de àṣẹ ọ̀gá hòtẹ́ẹ̀lì kankan. Ààrò Chorkor, tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn obìnrin abúlé apẹja Chorkor ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1960, tí atẹ ẹja rẹ̀ ń gun ara wọn, kò sì jẹ igi púpọ̀, ni àwọn ẹlẹ́ja káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń lò báyìí, nígbà tí kò sí ẹni tó mọ ohun tí Riviera ń sè lọ́jọ́ Jímọ̀.

Ìtàn yìí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ìdájọ́ rẹ̀ kò fara pamọ́. Ní èbúté tuntun tí wọ́n kọ́ sí ìsàlẹ̀ James Fort, ìsọ̀ àwọn tó ń se kọmi àti àwọn tó ń yan ẹja, àwọn tí wọ́n lé kúrò níbẹ̀ ní 2020, ló yẹ kí ó ṣáájú ti hòtẹ́ẹ̀lì èyíkéyìí. Nígbà tí wọ́n bá sì tún to orúkọ àwọn mantse sínú ìwé ọdún Homowo, kí wọ́n to orúkọ àwọn olóúnjẹ etí òkun sí ojú ewé tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n kọ iye ọjọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń fi àgbàdo rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó kan, nítorí pé kò sí ibòmíràn tí a ti lè rí i kà.