Àyìnlá Inú Sinimá àti Àyìnlá Ọmọ Ìtòkò: Èrò Àwọn Òǹwòran Kan ní Lotto

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, àwa bí mẹ́rìnlá kóra jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan ní Lotto, ní ẹ̀bá títì márosẹ̀ tó lọ láti Èkó sí Ìbàdàn, láti wo sinimá tí Túndé Kèlání darí, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àyìnlá. Iná ẹ̀lẹ́tíríìkì kò sí. Ẹ̀rọ amúnáwá ni a fi wò ó, ẹ̀ẹ̀mejì ni epo sì tán kí a tó rí ìparí rẹ̀. Bóyá ìyẹn náà ló jẹ́ kí àríyànjiyàn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ní gbogbo ìgbà tí òkùnkùn bá ṣú, ẹnu kì í dákẹ́.

Kì í ṣe ẹwà sinimá náà ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò fún ẹ̀yin òǹkàwé wa. Ọ̀pọ̀ ti ṣe ìyẹn láti oṣù kẹfà ọdún 2021 tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi í han àwọn ènìyàn ní Abẹ́òkúta. Ohun tí àwọn tó wò ó sọ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí pé láti inú ọ̀rọ̀ wọn ni ó ti hàn sí mi pé ẹni tó bá ṣe sinimá nípa olórin tó ti kú ti di òpìtàn nìyẹn, ó fẹ́, ó kọ̀. Bí ó bá sì ti di òpìtàn, a lẹ́tọ̀ọ́ láti bi í léèrè bí a ti ń bi òpìtàn.

Ó yẹ kí n sọ irú àwọn tí a jọ wò ó. Orí ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni Lotto wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lónìí ló jẹ́ pé Èkó ni wọ́n ti ṣí wá nítorí owó ilé. Nítorí náà, nínú àwa mẹ́rìnlá, bí mẹ́rin péré ló mọ ohùn Àyìnlá kí ó tó di pé sinimá dé. Ọ̀kan nínú wọn ni bàbá kan, ọmọ Ẹ̀gbá, tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, tó wa ọkọ̀ akẹ́rù nígbà tó ṣì lágbára. Òun ló kọ́kọ́ fapá jánú. Ó ní sinimá náà gba ẹ̀yìnkùlé wọ ilé. Ó ní wọ́n fi ikú ọkùnrin náà hàn wá, wọn kò fi ọ̀nà tó tọ̀ dé ibẹ̀ hàn wá.

Ẹjọ́ bàbá yìí ní ìdí. Àyìnlá Yusuff, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Àyìnlá Ọmọ Wúrà, ọmọ Ìtòkò ní Abẹ́òkúta ni. Nǹkan bí ọdún 1933 ni wọ́n bí i. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀. Wúràmọ́tù ni orúkọ ìyá rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ‘Ọmọ Wúrà’ ti wá. Kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilé ìwé. Ó bá bàbá rẹ̀ fín ẹwìrì, ó wakọ̀, ó ṣe alápatà, ó ṣe káfíńtà, kí orin tó gbé e dìde. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ EMI gbà á wọlé, tí Adéwọlé Oníluọlá sì ń lu ìyá ìlù lẹ́yìn rẹ̀, àwo orin tó ṣe lé ní ogún kí ọlọ́jọ́ tó dé. Haruna Ishola ti Ìjẹ̀bú-Igbó ti sọ àpalà di ohun tí àgbà ń fi ara balẹ̀ gbọ́. Haruna máa ń rọra rìn nínú orin bí ẹni tí kò sí ohun tó ń lé e. Ti Àyìnlá ń sáré. Ó ń jà, ó ń bú, ó ń fi òwe gún ni, kò sì jẹ́ kí onílù sinmi. Ẹni tí kò bá mọ alágbẹ̀dẹ àti alápatà inú rẹ̀ lè rò pé ìwà ìgbéraga lásán ni ohùn yẹn. Kèlání kò fi àgbẹ̀dẹ hàn wá bí bàbá awakọ̀ ti fẹ́. Ìgbà tí ọkùnrin náà ti di gbajúmọ̀, tí ìrìn-àjò Lọ́ńdọ̀nù ń bọ̀, ni ó mú lò.

Olùkọ́ ilé ìwé kan tó wà láàárín wa fèsì pé wákàtí méjì kò lè gba ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bàbá náà ní orin kan ṣoṣo Àyìnlá kò tó ìdajì wákàtí, ó sì máa ń gba gbogbo ìlú. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Èrò kejì ti ọ̀dọ̀ ìyá kan wá, tó ń ta ìrẹsì Ọ̀fàdà ní Mówé. Ohun tó bí i nínú ni ọtí, igbó àti obìnrin tó kún inú sinimá náà. Ó ní bí ọmọ olóògbé bá jókòó sí àárín wa, ojú yóò tì í. Ó tún bi wá pé ṣé ọkùnrin yìí kọ́ ló kọ orin bá pańṣágà wí, tó ní kí wọ́n rántí ọjọ́ ọ̀la? Òun ni. Kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ní Abẹ́òkúta tó sẹ́ pé ó ń mu igbó tàbí pé ó fẹ́ràn fàájì. Lójú tèmi, àṣà wa fúnra rẹ̀ ti dá ẹjọ́ yìí. Oríkì kì í bo àbùkù mọ́lẹ̀. Nínú oríkì orílẹ̀ wa, ẹni tó jalè wà níbẹ̀, ẹni tó sá lógun wà níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ yóò sì máa mi orí bí wọ́n ti ń kì í. Ohun tí oríkì kì í ṣe ni kí ó mú àbùkù nìkan, kí ó fi iṣẹ́ ọwọ́ ẹni náà sílẹ̀. Bí a bá fi èyí wọn sinimá náà, Kèlání yege ní apá kan: àrà tí Lateef Adédiméjì fi ara rẹ̀ dá, bó ti ń rìn, bó ti ń wo ènìyàn láti òkè délẹ̀, mú kí bàbá awakọ̀ pàápàá pariwo orúkọ Àyìnlá lẹ́ẹ̀kan. Ní apá kejì, ẹni tó bá wo sinimá náà tán yóò mọ irú ènìyàn tí Àyìnlá jẹ́ ju ohun tó fi orin sọ lọ.

Àwọn ọ̀dọ́ ní tiwọn gbádùn rẹ̀ láìkù síbì kan. Ọmọbìnrin kan sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán lédè Gẹ̀ẹ́sì ni òun fi tọ àwọn òwe ibẹ̀ lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ Yorùbá ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ti aṣọ, ti ọkọ̀, ti òrùlé páànù dídípata tó yí Olúmọ ká, wọn kò rojọ́ púpọ̀. Àwọn àgbà yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó ń ka owó, wọ́n sì gbà pé ọwọ́ olùdarí náà mọ́. Ẹni tí ìlú náà tọ́ dàgbà ni Kèlání, ilé bàbá bàbá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ló gbé wà ní kékeré.

Ibi tí ilé ti fẹ́ wó lé wa lórí ni ọ̀rọ̀ Báyéwù.

Ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún ọdún 1980 ni Àyìnlá kú, nínú ìjà ilé ọtí ní Abẹ́òkúta. Báyéwù, tó ti jẹ́ alámòójútó ẹgbẹ́ rẹ̀ rí, ni wọ́n bá jà. Ife ọtí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ pé ó là mọ́ ọn lórí. Ilé ẹjọ́ dá Báyéwù lẹ́bi ìpànìyàn. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí àwọn ará ìlú mọ̀, alùpùpù ló dá ìjà sílẹ̀: alùpùpù tí Àyìnlá fún un láti fi ṣiṣẹ́, tó sì fẹ́ gbà padà lẹ́yìn tí wọ́n ti pínyà. Sinimá náà mú obìnrin kan wọ àárín àwọn méjèèjì. Nígbà tí a bá fi dé orí ìjà ìkẹyìn, ọkàn òǹwòran ti ń ro ti obìnrin. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láàárín wa tilẹ̀ sọ pé, ‘Báyéwù jẹ̀bi, ṣùgbọ́n Àyìnlá ló fà á.’ Bàbá awakọ̀ dìde dúró. ‘Ọmọ mi, alùpùpù ni. Ta ló sọ fún ọ pé obìnrin ni?’ Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, ‘Ẹ má bínú, Bàbá, ohun tí a rí ni mo sọ.’

Irú ẹjọ́ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní ọdún 1984, Miloš Forman gbé sinimá kan jáde tí wọ́n pè ní Amadeus, nípa Wolfgang Amadeus Mozart, olórin ńlá tó kú ní Vienna ní ọdún 1791 nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 35. Inú eré ìtàgé tí Peter Shaffer kọ ní 1979 ni wọ́n ti yọ ọ́, ó sì gba ẹ̀bùn Oscar mẹ́jọ. Nínú rẹ̀, olórin ààfin kan tó ń jẹ́ Antonio Salieri ń jowú Mozart títí tó fi ń wá ikú rẹ̀. Ahesọ yìí ti wà tipẹ́. Pushkin ará Rọ́ṣíà ti fi kọ eré kékeré kan ní 1830, ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí Salieri kú. Àwọn òpìtàn wá ẹ̀rí ìpànìyàn náà, wọn kò rí i. Ohun tí wọ́n rí ni pé Salieri wà lára àwọn tó kọ́ ọmọ Mozart lórin. Síbẹ̀, bí ẹ bá dárúkọ Salieri fún ẹni tó wo Amadeus lónìí, apani ni yóò kọ́kọ́ rò.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ti yí padà nínú tiwa. Wọ́n di ẹrù ikú ru ẹni tí kò pa ènìyàn níbẹ̀. Nínú ti Abẹ́òkúta, ẹni tó pa ènìyàn ni wọ́n fi nǹkan sí lọ́wọ́ láti ṣe àwáwí. Olùkọ́ ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀, nítorí pé eré ni eré, àti pé ìjà alùpùpù kò lè gbé sinimá. N kò gbà fún un. Alùpùpù yẹn wúwo ju obìnrin lọ gẹ́gẹ́ bí ìtàn. Ní ọdún 1980, ẹni tó bá ní alùpùpù ní Abẹ́òkúta ní ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó di ẹlẹ́sẹ̀ lójú gbogbo àwọn tó ti ń kí i. Ibẹ̀ ni a ti lè mọ bí ẹgbẹ́ olórin ṣe rí nígbà náà: kò sí ìwé àdéhùn, kò sí owó oṣù tó dúró sójú kan, ọ̀gá ni ó ń fúnni, ọ̀gá ni ó sì ń gbà. Olórin àpalà nìkan kọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ rí mọ ohun tí mo ń sọ. Bí sinimá náà bá ti gbájú mọ́ alùpùpù yẹn, ìbá ti fi nǹkan hàn wá tí ìwé ìròyìn kò fi hàn. Ọ̀rọ̀ obìnrin, a ti rí i nínú sinimá ọgọ́rùn-ún.

N kò sọ pé kí Kèlání má ṣe sinimá náà. Ìbá ṣe pé kò ṣe é, a kì bá tí jókòó jiyàn. Fẹlá Ṣówándé, ọmọ Ẹ̀gbá, ẹni tó kọ African Suite ní 1944, kú ní Amẹ́ríkà ní 1987. Ayọ̀ Báńkọ́lé tó kọ orin dùùrù àti orin akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n pa òun àti ìyàwó rẹ̀ ní Èkó ní 1976, kò sì tíì ju ẹni ọdún 41 lọ. Mo dárúkọ àwọn méjèèjì ní alẹ́ ọjọ́ náà. Nínú wa, ẹni méjì ló ti gbọ́ ti Ṣówándé rí. Ti Báńkọ́lé, olùkọ́ nìkan ni.

Nígbà tí sinimá parí, bàbá awakọ̀ ní kí ọmọkùnrin tó bá jiyàn wá àwo Àyìnlá kan fún òun lórí fóònù, èyí tó ṣe nípa ìkànìyàn ọdún 1973. Ọmọ náà rí i láìpẹ́. Ohùn kékeré ni fóònù ń fọ̀, ìyá ìlù inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má dún ju ìka tí a fi ń kan tábìlì lọ, ṣùgbọ́n bàbá náà ti ń gbé e lẹ́nu kí Àyìnlá tó dé ibẹ̀. Ọmọ náà bèèrè pé ìkànìyàn wo ni. Bàbá ṣàlàyé pé ìjọba Gowon ló ka ènìyàn ní ìparí ọdún náà, pé àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí iye tí wọ́n kéde, pé ìjọba Murtala tó gorí àga ní 1975 sì wọ́gi lé gbogbo rẹ̀. Ó ní àwọn akànìyàn dé ilé òun ní Abẹ́òkúta, ìyàwó òun wà nínú oyún, wọ́n sì ń jà bóyá kí wọ́n ka ọmọ inú.

‘Bàbá, ṣé wọ́n kà á?’

Ó ní wọn kò kà á. Ó ní kí wọ́n tún orin náà gbé.

Epo tán nígbà kẹta. Inú òkùnkùn ni a ti gbọ́ ìyókù, títí tí fóònù pàápàá fi kú.