Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọmọ Lórúkọ: Nọ́ńbà Ojú Káàdì Báǹkì

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Orúkọ ọmọ ní í fi ìdílé rẹ̀ hàn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni nọ́ńbà tó ṣíwájú lójú káàdì báǹkì. 4 ni Visa fi ń bẹ̀rẹ̀. 34 tàbí 37 ni ti American Express. Mastercard ti ń lo 51 sí 55 tipẹ́ kó tó fi 2221 sí 2720 kún un. Verve ti ilẹ̀ wa ńkọ́? 506 ló wà níwájú ọ̀pọ̀ wọn.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ìkẹyìn ni kókó. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé òun ló ń dènà olè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Hans Peter Luhn, ọmọ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ fún IBM ní Amẹ́ríkà, ló gbé ìlànà rẹ̀ kalẹ̀. 1954 ló kọ̀wé sí ìjọba pé òun lòún ni ín, 1960 ni wọ́n fọwọ́ sí i. Ọwọ́ tó ṣì nọ́ńbà kọ ló ṣe é fún, kì í ṣe ọwọ́ tó ń jalè.

Ẹ wo 4111 1111 1111 1111, tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fi ń dán ojú ìsanwó wò. Láti apá ọ̀tún, ẹ fo ọ̀kan, kí ẹ sọ èyí tó tẹ̀ lé e di ìlọ́po méjì, bẹ́ẹ̀ títí dé ìbẹ̀rẹ̀. 4 á di 8, 1 méje á di 14, 1 mẹ́jọ tí a fò jẹ́ 8. Àpapọ̀ rẹ̀ 30. Ó pín sí 10 láìṣẹ́kù, ó yege. Bí ẹni tó ń kánjú bá wá tẹ 14 síwájú dípò 41, 27 ni yóò já sí, ẹ̀rọ á sì dá a padà kó tó dé báǹkì rárá.

Síbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni nọ́ńbà tó yege, ọ̀tọ̀ ni káàdì tó wà. Ìṣirò yìí kò mọ̀ bóyá owó wà nínú àkáǹtì, kò mọ̀ bóyá wọ́n ti ti káàdì pa, kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá báǹkì kankan ṣe é rí. Orúkọ lè bá ilé mu kí ọmọ má sí nínú ilé náà. Oníṣòwò tó bá torí pé nọ́ńbà yege gbé ọjà fún oníbàárà kò tíì gbowó. Ẹnu báǹkì ló yẹ kó ti gbọ́.

Kódà nínú iṣẹ́ tí Luhn ṣe é fún, ibì kan wà tí ojú rẹ̀ kò tó: kí 09 di 90. Ìlọ́po méjì 9 jẹ́ 18; bí ìlọ́po bá sì ti kọjá 9, ńṣe là ń ro nọ́ńbà rẹ̀ méjèèjì pọ̀, 1 àti 8 sì tún jẹ́ 9. Ìlọ́po 0 kò kúrò ní 0. Èyíkéyìí tó wù kó ṣíwájú, 9 náà ni, ẹ̀rọ á sì jẹ́ kó kọjá.