Ìtàn Omi Lẹ́nu Ọ̀bẹ Ẹ̀rọ Tí Ń Gé Irin

Ẹni tí ó bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ léètì yóò ti rí omi funfun bíi wàrà tí ń ṣàn sí ibi tí ọ̀bẹ ẹ̀rọ gbé ń fá irin. Kì í ṣe irú omi inú àgbẹ̀dẹ wa. Alágbẹ̀dẹ ń ti irin pupa bọ omi kí irin náà lè le. Omi ti léètì ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ooru ni, ó sì ń jẹ́ kí ara irin dán.

Ní Munich, ní ilẹ̀ Jámánì, ni Count Rumford ti fi bí ooru náà ti tó hàn. Ẹṣin ni wọ́n fi ń yí ẹ̀rọ tí ń gbẹ́ inú àgbá ogun níbẹ̀. Ó fi idẹ àgbá sínú àpótí omi, ó mú irin tí ó kú lẹ́nu tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ó tó wákàtí méjì àbọ̀, omi tútù náà ń hó láìsí igi iná lábẹ́ rẹ̀! A ka ìròyìn rẹ̀ níwájú Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1798.

Ní ilé iṣẹ́ Midvale Steel ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, F. W. Taylor bẹ̀rẹ̀ ìdánwò tirẹ̀ ní 1880, ó sì ṣe é fún ọdún 26. Irin tí ó gé di èérún ju 800,000 pọ́n-ùn lọ. Ó rí i pé bí a bá da omi púpọ̀ sí ibi tí èérún ti ń ṣí kúrò lára irin, eré ẹ̀rọ lè fi 30 sí 40 nínú 100 yára sí i. Ní 1884 wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ titun, wọ́n fa omi dé ìdí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì po sódà mọ́ ọn kí irin má baà dípẹtà. Kò fi í ṣe àṣírí, síbẹ̀ ó pẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ní tiwa, agídí lásán ni.

Eré ni Taylor ń lé. Dídán ara irin ni ó kan àwa jù, nítorí ọ̀pá ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ rí gbágungbàgun yóò tètè jẹ béárìn rẹ̀, ó sì lè sán láti ojú àpá ọ̀bẹ. Bí ọ̀bẹ bá ń lọ pẹ̀lẹ́, wóró irin a máa lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Bí ó bá pọ̀ tán, a já, a sì fa ara irin ya. Níbẹ̀ òróró sàn ju omi, nítorí yíyọ̀ rẹ̀. Bí eré bá pọ̀, òróró kì í ráyè wọlé. Ooru di ọ̀tá ńlá, omi ni ó sì ń kó o lọ jù. Nítorí náà ni a ṣe ń po epo tí ó lè bá omi dàpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń dà á, tí ó ń dá a dúró, tí ó tún ń dà á, yóò sán ọ̀bẹ kábáìdì bí ìkòkò gbígbóná tí a bu omi tútù lù. Ó sàn kí ó gé irin náà ní gbígbẹ.

Ewu wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Epo ilẹ̀ tí a kò sẹ́ dáadáa fa jẹjẹrẹ fún àwọn tí ń ran òwú ní Lancashire láyé àtijọ́. Omi léètì tí ó ti bàjẹ́ a sì máa bó awọ ọwọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹ má ṣe fi í fọ ọwọ́, ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá ti ń rùn.

Lónìí àwọn kan ń fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ìwọ̀nba epo bí ìrì. Àwọn mìíràn ń lo nitrogen olómi, tí ó tutù dé ìwọ̀n 196 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, pàápàá fún titanium tí a fi ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú. Nitrogen yìí a fò lọ sínú afẹ́fẹ́, kò sì ní fi ohunkóhun sílẹ̀ lára irin tàbí lọ́wọ́ òṣìṣẹ́.